Ogójì Ọdún Nídìí Irin, Wọ́n Ní Síńkì Kò Tó Lára Mi

Akọ̀wé, ọmọ mi àtàtà,

Èmi tí òjò pa tí n kò ní aṣọ ìpààrọ̀, tí mo sun orí páálí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi fún ọdún mẹ́rin gbáko, tí mo kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kejì nítorí pé bàtà kan ṣoṣo ni àwa mẹ́ta ń pín wọ̀ nínú ilé, tí ẹ̀gbọ́n mi sì máa ń jí ṣáájú mi, tí iná wẹ́dà mú mi lójú débi pé ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń táràrà wá ẹnu ọ̀nà nínú yàrá tí mo mọ̀ bí ẹni mowó, tí irin ìlẹ̀kùn já lé èjìká mi, tí mo sì fi èjìká kejì parí iṣẹ́ náà lọ́jọ́ náà gan-an kí oníbàárà má baà sọ pé mo ń ṣàwáwí, èmi yìí kan náà ló ń kí ọ. Irin ò pa mí, iná ò pa mí, ebi gbìyànjú títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó padà sílé rẹ̀. Lónìí mo ní ilé méjì, mo ní ṣọ́ọ̀bù tó lórùlé, mo sì ní ọmọ tó ń jókòó lórí àga tó ń yí nínú ọ́fíìsì.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń gbọ́ràn? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní ríjà, ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ kò ní yọ̀ ọ́, àwọn tí ẹ jọ ń wọ ọ́fíìsì kò ní máa ṣẹ́jú síra wọn lẹ́yìn rẹ, bí ọ̀gá rẹ bá la ẹnu, orúkọ rẹ ni yóò kọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀ fún rere. Mo ti ṣe àdúrà náà kúnná, torí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ pọ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ ìwé dípò kí n pè ọ́ ni pé fóònù tí o rà fún mi yìí ní ojú. Ìwọ náà lo fi hàn mí, o ní kí n tẹ ibì kan, mo tẹ̀ ẹ́, ni mo bá rí ọ nínú ilé ìdáná rẹ, tí o ń bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ iwájú orí mi nìkan ni o ń rí. Láti ọjọ́ náà, bí o bá ti pè, mo máa ń kọ́kọ́ wọ bàtà iṣẹ́ mi, mo máa ń so okùn rẹ̀ dáadáa, kí n tó gbé e. Bí n kò bá ráyè wọ bàtà, mo máa ń da fóònù náà dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, màá wá máa bá ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀. O máa ń ṣàròyé pé ohùn mi jìnnà. Ohun tó fà á nìyẹn. Ohun tí n kò fẹ́ kí fóònù rí wà lẹ́sẹ̀ mi òsì, ní ọmọńdinrín.

Má dìde. Jókòó sórí àga rẹ tó ń yí yẹn, kí o ka ìwé yìí tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni mò ń jó géètì ilé ìwé tó wà nísàlẹ̀ òpópónà wa, géètì alápá méjì, irú èyí tí wẹ́dà mìíràn kò lè fojú lásán wọ̀n, tí iná ń ta pàrà lára irin, ni ọ̀kan bá já bọ́ sínú bàtà mi. Egbò náà kò ju orí ìṣó lọ. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, irú egbò bẹ́ẹ̀ ì bá ti gbẹ kí n tó délé. Èyí kò gbẹ. Kò sì dùn mí rárá, mo sì ń fi ìyẹn yangàn nínú ara mi, mo ní ẹ ò rí i, mo ti di àgbà irin, iná ń jó mi, n kò mọ̀.

Ìyá rẹ kò gbọ́ sí i títí di Ọjọ́ Àìkú tó kọjá tó ń fọ ìbọ̀sẹ̀ mi. Kò pariwo. Ó gbé ìbọ̀sẹ̀ náà wá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ mi, ó ní Bàbá Akọ̀wé, ohun tí kò dun èèyàn ló ń jẹ èèyàn. Ó ní òun fún mi di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí n kò bá tíì fi ẹsẹ̀ han dókítà, tí n kò sì tíì sọ fún ọ, òun á pè ọ́ fúnra òun. O mọ ìyá rẹ. Ọ̀rọ̀ tó bá gbé jáde nílé, ṣe ló máa ń dàgbà lójú ọ̀nà. Kó tó dé etí rẹ, ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọn á ti gé, wọn á sì ti sin wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi yára mú bírò.

Kí n má parọ́ fún ọ, ohun tí mò ń sá fún ni ayùn tí wọ́n fi ń gé ẹsẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún táyà ṣe níwájú ilé wa, tí o máa ń pè ní Bàbá Aláfẹ́fẹ́ nígbà tí o wà ní kékeré, gbé egbò kékeré wọ ọsibítù lọ́dún tó kọjá, ọ̀pá ló tì jáde. Kó fẹ́ táyà lórí ìjókòó, ìyẹn ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n wẹ́dà tí kò lè kúnlẹ̀, tí kò lè gorí àtẹ̀gùn, kí ló tún kù fún un? Kó máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà máa ka àwọn tó ń kọjá?

Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé mi dé ọsibítù. Òùngbẹ ni. Mò ń mu omi bí ẹni tó jogún kànga, mo sì ń tọ̀ ọ́ padà bí mo ṣe ń mu ún, tí ìyá rẹ fi ní bóyá kí òun kúkú gbé àga mi lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀. Ọ̀rẹ́ mi Kápẹ́ńtà, ẹni tó bá mi ṣe òrùlé ilé kejì, ní òun náà fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò, ni àwa méjèèjì bá jọ lọ.

Wọ́n kọ́kọ́ fún wa ní fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù yìí bèèrè pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, ó sì fún mi ní ìlà kan ṣoṣo láti dáhùn. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé mìíràn lé e. Ó tún bèèrè ohun tó wà nínú ẹbí wa, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé méjì, ẹ̀rọ wẹ́dà mẹ́ta, ọ̀kan ò ṣiṣẹ́. Ó ní ta ni kí àwọn pè bí nǹkan bá di kánjúkánjú, mo kọ ọ́ pé kò sí, n kì í ṣe oníkánjú. Nọ́ọ̀sì gba fọ́ọ̀mù náà, ó kà á, ó yí ojú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ̀ pé orí rẹ̀ wú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún wa níka, wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ náà sẹ́nu ẹ̀rọ kékeré kan tó dà bí fóònù tí kò dàgbà. Ti obìnrin tó ṣíwájú mi, márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ti Kápẹ́ńtà, àádọ́fà ó lé méjì. Ó kan èmi. Ẹ̀rọ náà dákẹ́, ó ronú, ó sì gbé ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún jáde. Akọ̀wé, nọ́ọ̀sì náà wo ẹ̀rọ, ó wò mí, ó pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó wá wò ó. Wọ́n ní kí n má tò mọ́, kí n bọ́ síwájú, wọ́n gbé àga fún mi. Èmi tí n kò gba ipò kankan nílé ìwé kí wọ́n tó gba bàtà lẹ́sẹ̀ mi, gbogbo èèyàn tó wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó sún mọ́ mi. Mo fọwọ́ kan Kápẹ́ńtà léjìká, mo ní kó má banú jẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni, òun náà á débẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo gé irin ọ̀pá, mo tẹ̀ ẹ́ ní 318, mo sì jó o mọ́ òkè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, mo kùn ún lọ́dà pupa. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nọ́ńbà ilé ni. Àwọn tó bèèrè, mo ṣàlàyé fún wọn. Kápẹ́ńtà wò ó títí lọ́jọ́ tó kọjá níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò fún un lọ́sẹ̀ kejì, tirẹ̀ ti di igba ó lé márùn-ún. Mo bá a yọ̀. N kò mọ̀ pé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì ló dà sọ́fun lẹ́nu géètì ọsibítù kó tó wọlé.

Lọ́jọ́ tí a padà lọ lọ́sẹ̀ kejì yẹn ni mo bá dókítà pàdé, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju àbúrò rẹ lọ, tó ń wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó sì ń fojú wo èèyàn bí ẹni ń wo ojú irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó. Ó ní àtọ̀gbẹ ni mo ní, èyí táwọn kan ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó fún mi ní oògùn, hóró kan láàárọ̀, hóró kan nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Ó wá mú ìwé kan jáde tó ti yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé, ó ní àwọn irin kéékèèké kan wà tí ara ń lò, tí wọn kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ní síńkì kò tó. Ó ní magnẹ́síọ̀mù náà kò tó.

Mo rọra bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n kà. Èmi tí mo ti fi ogójì ọdún jó irin gàfánáìsì, irin tí wọ́n rì sínú síńkì kó má baà dípẹtà, tí mo ti fa èéfín rẹ̀ símú títí tí irun imú mi fi di funfun. Bí wọ́n bá ní iyọ̀ kò tó lára mi, màá gbà. Bí wọ́n bá ní sùúrù, ìyá rẹ á jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n irin? Ẹja kì í wà lódò kí wọ́n ní omi ò tó o.

Dókítà náà ní sùúrù, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó bèèrè iṣẹ́ mi, ó sì fi géètì ṣàlàyé fún mi. Ó ní ṣúgà inú oúnjẹ ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń wá ibi tó máa wọ̀ sínú ara kó lè di agbára, ohun kan tó ń jẹ́ ínsúlínì ló sì ń ṣí géètì fún un. Ó ní síńkì ni ara fi ń di ínsúlínì pamọ́ títí tí wọ́n á fi nílò rẹ̀, magnẹ́síọ̀mù sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí géètì dáhùn bí kọ́kọ́rọ́ bá wọ̀ ọ́. Ó ní ìwọ̀nba wọn tí ara ń fẹ́ kéré débi pé ó lè jókòó sórí èékánná kí ààyè ṣì kù, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá tó, nǹkan á máa há. Mo ní ó yé mi, òróró ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sún mọ́ ọn. Ó tún ní síńkì kan náà wà lára ohun tí ara fi ń pa ojú egbò dé.

Gbólóhùn yẹn ló gbá mi létí. Mo wò ó pé bí mo bá sọ fún un pé mo ní egbò, ayùn ni. Mo bá fi ọgbọ́n àgbà bi í. Mo ní ká sọ pé ẹnì kan, kì í ṣe èmi o, ká ní kápẹ́ńtà kan, ní egbò lẹ́sẹ̀ tí kò gbẹ, ṣé síńkì lè jó ojú rẹ̀ pọ̀. Kíá ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kápẹ́ńtà wo. Ó ní ṣé ó máa ń mọ̀ bí òkúta bá wọ bàtà rẹ̀. Ó ní kí n mú un wá lọ́la. Mo ní ọkùnrin náà máa ń rìnrìn àjò.

Mo délé, mo jókòó, mo ro ó bí mo ṣe máa ń ro iṣẹ́ tó le. Ara ń jó egbò pọ̀ bí mo ṣe ń jó irin pọ̀. Síńkì ló fi ń jó o. Síńkì ti tán lọ́wọ́ ara mi nítorí pé láti ọdún méjì ni mo ti ń fi aṣọ bo imú nídìí iṣẹ́, nígbà tí ìwọ fi ìbòmú ránṣẹ́. Kí ló kù? Mo bọ́ ìbòmú kúrò. Mo wá gbogbo àjákù páìpù gàfánáìsì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù jọ, mo ń jó wọn mọ́ra, kì í ṣe fún oníbàárà kankan, fún ẹ̀jẹ̀ mi ni. Mo dojú kọ èéfín náà, mo ń fà á símú bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀. Mo sì pa oògùn dókítà tì, torí mo ní hóró funfun kékeré yẹn kò ní irin kankan nínú, mo fi òòfà kàn án, kò fà. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo ń mu mílíìkì agolo pẹ̀lú ṣúgà mẹ́rin bí àwa wẹ́dà ṣe máa ń mu ún látijọ́, tí wọ́n ní ó ń fọ ọ̀nà ọ̀fun. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo ṣe é.

Lọ́jọ́ kejìlá, ibà dé. Ẹnu mi ń kòrò bí ti ẹni tó lá owó idẹ, àyà mi há, mo ń gbọ̀n débi pé ibùsùn ń bá mi gbọ̀n. Ìyá rẹ àti Kápẹ́ńtà ló gbé mi dé ọsibítù. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra, mo ní òtútù ń mú mi, kò sẹ́ni tó bọ́ ọ. Nígbà tí ojú mi wálẹ̀ díẹ̀, mo bi nọ́ọ̀sì pé èló ni mo gbà. Ó ní irinwó ó lé méjì. Mo ní Ọlọ́run ṣeun. Mo ní ta ló ṣe ìkejì.

Nọ́ọ̀sì náà fa àga, ó jókòó. Ó ní Bàbá, kí lẹ rò pé nọ́ńbà yìí jẹ́. Mo ṣàlàyé fún un tìfẹ́tìfẹ́, mo tilẹ̀ sọ fún un pé mo ti jó ti àkọ́kọ́ mọ́ òkè ìlẹ̀kùn. Ó fi fáìlì bojú. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú rẹ̀ tutù fún omi, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Ó ní Bàbá, ṣúgà tó yẹ kó ti wọlé tó ṣì ń rìn ní títì ni ẹ̀rọ yẹn ń kà. Ó ní bó bá jẹ́ eré ìje ni, ẹni tó kẹ́yìn ló ń gba ife. Kápẹ́ńtà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti mu ìgò méjì ńkọ́. Ìyá rẹ wo àwa méjèèjì, ó ní òun ti mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n méjì kì í jọ rìn kí wọ́n má ṣìnà, ó kàn jẹ́ pé òun ò mọ̀ pé wọ́n á rìn jìnnà tó báyìí.

Dókítà wá. Mo rò pé á bú mi. Kò bú mi, ohun tó ṣe burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fi iṣẹ́ mi bi mí. Ó ní bí wọ́n bá gbé táńkì omi tó ń jò wá bá mi, kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe. Mo ní màá dí ojú tó ń jò. Ó ní n kò ní kọ́kọ́ máa bu omi sí i? Mo ní wèrè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ó dáa. Ó ní ṣúgà tó pọ̀ jù lẹ́jẹ̀ ló ń bá ìtọ̀ jáde, bó sì ṣe ń jáde, síńkì àti magnẹ́síọ̀mù ló ń wọ́ lọ́wọ́. Ó ní èmi ni táńkì náà. Hóró funfun yẹn ló ń dí ojú tó ń jò. Ó ní èéfín gàfánáìsì kì í ṣe oúnjẹ, májèlé ni fún ẹ̀dọ̀fóró, òun ló fa ibà, kí n wá ìbòmú mi rí.

Mo bi í bóyá wọ́n á kúkú fi àwọn irin kéékèèké náà sínú hóró fún mi. Ó ní àwọn onímọ̀ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé àwọn tó ní àtọ̀gbẹ sábà máa ń ní wọn ní ìwọ̀nba tí kò tó, àwọn kan ní bí èèyàn bá ń lò ó ṣúgà ń wálẹ̀ díẹ̀, àwọn kan ní àwọn ò rí ìyàtọ̀ gidi, iyàn náà ò tíì parí. Ó ní òun kò ní fún mi ní ohun tí òun kò tíì rí ìdí rẹ̀, kí n kọ́kọ́ lo oògùn, kí n máa jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀pà díẹ̀ àti ẹ̀fọ́ tútù dáadáa, òun á tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò. Mo bọ̀wọ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Oníṣẹ́ tó bá lè sọ pé ibi tí òun mọ̀ dé nìyí, oníṣẹ́ gidi ni. Èmi náà mọ ibi tí mo mọ̀ dé, ó kàn jìnnà ni.

Mo délé, mo gé 318 kúrò lókè ìlẹ̀kùn. Ó nira ju bí mo ṣe jó o lọ, torí iṣẹ́ mi kì í tètè já. Mo bẹ̀rẹ̀ oògùn, mi ò fo ọ̀kan láti ọjọ́ náà. Mílíìkì ti di lásán, ṣúgà ti kúrò lórí tábìlì, mò ń jẹ ẹ̀wà débi pé ìyá rẹ ti ní kí n máa sùn síhà fèrèsé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ ka ọgọ́sàn-án ó dín mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì ní ó ṣì yẹ kó wálẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Láti irinwó dé ibẹ̀, mo bi í bóyá ó ti rí ẹni tó já wálẹ̀ kíá bẹ́ẹ̀ rí, ó ní kí n lọ sílé.

Ṣùgbọ́n egbò yẹn ṣì wà nínú bàtà. Kò tóbi sí i, kò kéré sí i, ó kàn jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí wọ́n ń lọ. Mo ti ń sọ fún ara mi pé bí ṣúgà bá ti dé ibi tí wọ́n fẹ́, á pa ara rẹ̀ dé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àfi lánàá.

Lánàá ni nọ́ọ̀sì yẹn rin dé ṣọ́ọ̀bù Kápẹ́ńtà pẹ̀lú àpò àti ìbọ̀wọ́. Dókítà ti ń wá kápẹ́ńtà tó ní egbò láti ọjọ́ tí mo ti bèèrè, lọ́sẹ̀ yìí ni ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé kápẹ́ńtà ni ọ̀rẹ́ tó ń bá mi rìn. Oníbàárà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí wọ́n wá wo bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì ní kó bọ́ bàtà. Kápẹ́ńtà ní kí ló dé. Nọ́ọ̀sì ní kó bọ́ ọ ná. Ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ya àárín ọmọ ìka lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi òwú kàn án nísàlẹ̀, ó ní ṣé ó mọ̀ ọ́n lára, Kápẹ́ńtà ní ó ń pa òun lẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí ti ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì ní ẹ má bínú, Bàbá Onírin ló ní ẹ ní egbò.

Kápẹ́ńtà dé ọ̀dọ̀ mi, kò kí mi. Ó jókòó sórí irin, ó ní Onírin, jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ta ni mo wọ̀? Mo fa bàtà òsì mi sẹ́yìn. Ó ní ogún ọdún rèé tí àwa méjèèjì ti ń bọ̀, òun ti bá mi gbé àtẹ̀gùn, òun ti bá mi gbé géètì, òun ti bá mi gbé nọ́ńbà tí n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí tí òun fi mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó fẹ́ pa òun, ṣùgbọ́n òun kò ní bá mi gbé egbò. Ó ní òun máa tẹ̀ lé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà, torí òun fẹ́ fojú ara òun rí egbò tí wọ́n ní òun ní. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, okùn bàtà rẹ̀ kan ṣì wà ní títú. N kò tíì rí ohun tó tì mí lójú tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń jó irin.

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Akọ̀wé. Má sá wá. Má gba àyè lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ni kí o ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà yẹn fún mi, pẹ̀lú bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí o ra bébà yẹn púpọ̀, torí èmi àti Kápẹ́ńtà la jọ máa lò ó, mo jẹ ẹ́ ní gbèsè àforíjì. N kò tọrọ owó, o mọ̀ pé n kì í ṣe aláìní, ṣùgbọ́n bí owó bá ṣèèṣì bá ẹ̀rọ náà wọ àpò kan náà, n kò ní dá a padà. Kí o sì máa wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ pẹ̀lú, dókítà ní ohun tó wà lára bàbá lè wà lára ọmọ. Lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá fún ọ ní nọ́ńbà, má jó o mọ́ ibì kankan.

Ọlọ́run tó bá mi la iná kọjá yóò bá ọ la ti ìlú ńlá kọjá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ kò ní dà ọ́, ara rẹ kò ní fi ọ́ ṣe àlejò. Àwọn ọmọ rẹ yóò sin ọ́ ní ọjọ́ ogbó, o kò ní máa fi bàtà bo nǹkan fún wọn.

Èmi bàbá rẹ, wẹ́dà tí kò sí wẹ́dà lẹ́yìn rẹ̀ ní agbègbè yìí, ni mo sọ ọ́. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá jí, màá lo oògùn mi, màá fọ ẹsẹ̀ méjèèjì, màá sì dé ọsibítù kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ìyá rẹ á wà lápá ọ̀tún, Kápẹ́ńtà á wà lápá òsì. Bí dókítà bá ní ọmọ ìka náà ṣeé gbà là, ó dáa. Bó bá ní kí wọ́n gbé mi wá sí ọsibítù ńlá tó wà lọ́dọ̀ yín, màá wọ mọ́tò, màá wá, wẹ́dà lè kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ìka mẹ́sàn-án, mo ti dán an wò láàárọ̀ yìí. Màá jókòó síwájú rẹ̀, n kò ní bi í léèrè nípa kápẹ́ńtà kankan, màá tú okùn bàtà òsì, màá bọ́ ìbọ̀sẹ̀, màá gbé ẹsẹ̀ náà lé orí àpótí tó wà níbẹ̀ fún un, màá sì sọ fún un pé tèmi ni.